Bàbá Mi Ń Tọrọ Omi, Mo Ń Gbé Ife Pamọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta péré ni mo mú. Ọ̀rọ̀ omi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kẹta kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. Ti àkọ́kọ́ gba oorun lójú mi. Òun ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, ẹ bá mi fara dà á.

*Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kì í sì í lo oògùn déédéé. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà sọ pé kíndìnrín wọn méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀, owó wa kò ká ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní omi tí wọ́n máa mu lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdajì lítà àti díẹ̀ lọ. Màmá, bàbá mi ń tọrọ omi lọ́wọ́ mi bí ọmọ kékeré. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá tí fíríìjì wà pa. Gbogbo ife inú ilé ni mo gbé pamọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ bu omi mu nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi pọn omi ìwẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni mo bí yìí?" Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Àǹtí bàbá mi ní ìkà ni mí, pé omi ò lọ́tàá. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Ṣé èmi náà yóò ní irú àìsàn yìí? — Ọmọ Bàbá, Òṣogbo*

Ọmọ mi, o kì í ṣe ìkà. Àǹtí yín náà kò sì purọ́: omi ò lọ́tàá lóòótọ́, nínú ara tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ọkọ mi tó ti di olóògbé. Ní 1994, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn kíndìnrín ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣìkejì ẹnu ọ̀nà, aláró ni, ará Abẹ́òkúta, èékánná rẹ̀ ṣì dúdú fún aró àdìrẹ. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, a ń retí ẹni tó máa wá tún un ṣe láti Èkó. Lóru ọjọ́ Àìkú, ó pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu." Ó wúre fún mi, ó wúre fún ọmọ tí n kò tíì bí. Mo bu omi ife kan fún un. Nígbà tó di aago méjì, ó tún bẹ̀ mí, mo tún bu òmíràn. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, mo fún un ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo wá lọ jókòó sídìí tábìlì mi, inú mi ń dùn pé mo ṣojú àánú.

Kó tó di aago márùn-ún, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọbẹ̀ ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Àyà rẹ̀ ni. Omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó dìde jókòó, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ya ẹnu bí ẹja tí wọ́n dà sórí iyanrìn. Kì í ṣe ife mẹ́ta yẹn nìkan ló fà á, ọjọ́ mẹ́ta tí kò fi rí ẹ̀rọ wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo bu ìkẹyìn tó mú agbè kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ́síjìn inú sílíńdà la fi ń gbé e títí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó yè. Nígbà tó ń lọ sílé, ó fún mi ní àdìrẹ ọ̀pá mẹ́rin, ó ní mo láàánú ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. N kò rán aṣọ náà títí dòní. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń wo bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn tí omijé ń bọ́ lójú rẹ, mọ̀ pé mo ti wà níbẹ̀ rí, apá ibi tí àánú ń ṣìṣe ni mo sì wà.

Wàyí o, kí ni kíndìnrín ń ṣe gan-an tí omi fi di ọ̀rọ̀? Ìsọ̀ ẹran ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n: ẹyọ méjì, tiwa kò sì ju ìkúùkù èèyàn lọ. Wo obìnrin tó fẹ́ ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kì í ki ọwọ́ bọnú àpò kó máa wá òkúta kiri. Á da gbogbo rẹ̀ sórí atẹ, á wá máa kó èyí tó dára padà sínú àpò, ìdọ̀tí nìkan ló máa kù lórí atẹ. Bí kíndìnrín ṣe ń ṣe nìyẹn. Lójúmọ́ kan, nǹkan bíi lítà 180 omi ni àwọn méjèèjì ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ sórí atẹ. Bí omi inú ọ̀rá tó jẹ́ ìdajì lítà bá jẹ́ ogún nínú àpò kan, àpò méjìdínlógún nìyẹn, lójúmọ́! Omi tó wà nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ wa kò sì ju lítà mẹ́ta lọ, omi kan náà ló ń gba orí atẹ kọjá ní bí ọgọ́ta ìgbà. Wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, àfi bí ọ̀rá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìyẹn là ń pè ní ìtọ̀.

Ibi kíkó padà yẹn ni ọgbọ́n wà. Tí o bá mu omi púpọ̀, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń kó padà kù, ìtọ̀ á pọ̀, á mọ́ gaara. Tí o bá gbààwẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n á há omi mọ́ra, ohun tó bá jáde nírọ̀lẹ́ á kéré, á pọ́n bí epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí pọ́tásíọ̀mù, èròjà kan tó jọ iyọ̀ tó wà nínú oúnjẹ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé asẹ́ lásán ni kíndìnrín kò tíì mọ̀ ọ́n. Òǹwọ̀n ni.

Òǹwọ̀n ti bàbá rẹ ti filé sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá mu, òógùn, èémí àti ìgbẹ́ nìkan ló lè gbé díẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ìyókù á lọ sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá kún, á gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ìdajì lítà tí dókítà dá ti wá. Ìṣirò tí a máa ń lò ni pé kí o wọn ìtọ̀ àná látàárọ̀ dàárọ̀ sínú ike, kí o wá fi ìdajì lítà kún un. Tí bàbá bá ṣì ń tọ ife kan lójúmọ́, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ife kan yẹn pẹ̀lú ìdajì lítà. Wọ̀n ọ́n o, má fojú díwọ̀n.

Àmọ́ ohun tó wù mí kí o gbọ́ jù nìyí, torí pé lẹ́tà rẹ kò mẹ́nu bà á rárá: kí ni bàbá ń jẹ?

Òùngbẹ tó ń dà wọ́n láàmú, iyọ̀ ló ń pè é. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bí ìyá ọlọ́bẹ̀ ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Tí iyọ̀ bá fi díẹ̀ lé sí i, á pariwo pé kí wọ́n bu omi là á. Ariwo yẹn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò gbọ́ ìbáwí, ilẹ̀kùn títì kò sì kàn án. Bàbá tó jẹ ọbẹ̀ oní-mágí mẹ́ta, tó fi ẹja oníyọ̀ jẹ ẹ́, tó fi búrẹ́dì mu tíì láàárọ̀, tí o wá ní kó má mu omi, ìyà ọ̀ràn ni ẹ jọ ń jẹ. Má du bàbá rẹ lómi, ọmọ mi. Du wọ́n níyọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le pàápàá má jẹ tó gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan gígẹ́, àti èyí tó wà nínú mágí, búrẹ́dì, núdù àti ẹja. Ti bàbá gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn. Gbé mágí kúrò ní kíṣìnnì, má fi sí àárín ẹ̀yin tó kù kí o ní bàbá nìkan ni kò ní jẹ ẹ́, ojú á máa wọ̀ ọ́. Irú tí kò níyọ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀, ata, atalẹ̀, efinrin: àwọn yìí tó ọbẹ̀ sè. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì ni ẹnu á fi kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ahọ́n á gbà. Mo ti rí i lára àwọn tó le ju bàbá rẹ lọ. Kí o sì ṣọ́ra fún iyọ̀ àfidípò tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Pọ́tásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò lè tu ú dànù, tó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dúró láìkìlọ̀. Ìdí kan náà nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jìnnà sí omi àgbọn, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má pọ̀. Iṣu pẹ̀lú: bó o, gé e wẹ́wẹ́, bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, da omi náà nù.

Tí bàbá bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ náà ń fa òùngbẹ.

Gbé àwọn ife jáde, jọ̀ọ́. Láràárọ̀, rọ omi òòjọ́ sínú ike kan, kí o gbé e lé bàbá lọ́wọ́, kí àwọn fúnra wọn máa dá a, kí wọ́n máa bù ú bó ṣe wù wọ́n. Àgbàlagbà tó ń pín omi ara rẹ̀ yàtọ̀ sí àgbàlagbà tó ń tọrọ ẹ̀. Lo ife kékeré. Fi díẹ̀ nínú omi náà dì ní fíríìjì, kí wọ́n máa lá yìnyín rẹ̀, ó máa ń pẹ́ lẹ́nu ju omi lọ. Kí wọ́n yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù nígbà tó bá wù wọ́n. Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ tírélà rí sọ fún mi pé orín àtà lòun fi ń borí òùngbẹ láàárín ọ̀sán, pé tí òun bá ti ń run ún, itọ́ á máa sun. Kí ẹ rántí pé ògì, ẹ̀kọ mímu, omi ọbẹ̀, ọsàn àti wọ́tà mẹ́lọ̀n, omi ni gbogbo wọn, kí ẹ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ra síkéèlì. Tí o bá máa ra ohun kan ṣoṣo lóṣù yìí, òun ni kí o rà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí bàbá tó jẹun, kí wọ́n gun orí rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi ju kílò méjì lọ láàárín ìfọ̀jẹ̀ kan sí èkejì, ìwé ìṣirò rẹ ló ti jẹ́wọ́, kò sídìí kí ẹ máa jà lórí ẹni tó mu omi. Omi tó pọ̀ jù kò rọrùn fún ẹ̀rọ náà láti fà jáde ní wákàtí mẹ́rin, pajápajá á mú wọn lẹ́sẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ wọn. Tí bàbá bá ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta nítorí pé wọn kò lè mí tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tàbí tí ara wọn ṣàdédé rọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ, mo mọ̀. Mo sì mọ iye tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́. N kò ní bá ọ wí lórí ìyẹn.

Ní ti ìwọ fúnra rẹ: àrùn kíndìnrín máa ń rìn nínú ìdílé, kì í ṣe èpè. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOL1, tí irú rẹ̀ kan pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, àti àwọn ìbátan wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rò ni pé ó ràn wá lọ́wọ́ láti bá kòkòrò àìsàn oorun jà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá ni ewu rẹ̀ ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kíndìnrín wọn kò sì ní bàjẹ́ títí wọ́n á fi dàgbà. Lọ wọn ìfúnpá rẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Tí wọ́n bá ní ìfúnpá ti ń ga, lo oògùn rẹ lójoojúmọ́, yálà ara ń dùn ọ́ tàbí kò dùn ọ́.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi fídíò kan sórí WhatsApp wa pé ká máa mu omi lítà mẹ́rin ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan náà, pé ó ń fọ kíndìnrín. Mo ti ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà. Orí ń fọ́ mi, mo sì bì lánàá. Ṣé ìdọ̀tí ló ń jáde? — Ìkòròdú*

Dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń jáde, ọpọlọ rẹ ló ń wú.

O ti ka ohun tí mo sọ fún ọmọ Òṣogbo nípa òǹwọ̀n. Tìrẹ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan ni ohun tó lè tu dànù, bó bá tiẹ̀ sá gbogbo ipá rẹ̀. O wá da mẹ́rin lé e lórí kí àkùkọ tó kọ. Èyí tó kù á máa la iyọ̀ ẹ̀jẹ̀, omi á wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, inú agbárí kò sì ní àyè tó lè fi wú. Orí á fọ́, èèyàn á bì, tó bá le, á máa sọ ìsọkúsọ, gìrì á sì mú un. Àwọn sárésáré tí ara wọn le bí òkúta náà ń kó sí i. Níbi eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti Boston ní 2002, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó parí eré, mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wálẹ̀, àwọn tó sì mu omi débi tí wọ́n fi sanra sí i lójú eré ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn.

Kíndìnrín kì í ṣe gọ́tà tí wọ́n ń da omi sí kó lè mọ́. Òun gan-an ni agbálẹ̀. Mu omi nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, mu sí i tí o bá làágùn, kí o sì wo ìtọ̀ rẹ: tó bá dà bí omi tí wọ́n kán ọsàn díẹ̀ sí, ó ti tó. Àgbo ìfọ̀kíndìnrín tí wọ́n máa polówó lẹ́yìn fídíò yẹn (mo mọ̀ pé wọ́n á polówó ẹ̀), fi í sílẹ̀ fún ẹni tó sè é. N kò kórìíra àgbo, inú ilé àgbo ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ìyá mi àgbà máa ń sọ ewé tó wà nínú tirẹ̀. Má sì lọ máa mu ibuprofen tàbí diclofenac sí orí fífọ́ yẹn, wọ́n máa ń fún ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín pọ̀.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Tí mo bá jí, ojú mi á wú. Tó bá dọ̀sán, á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á wá wú. Ìtọ̀ mi ń hó bí ọṣẹ. Mo rò pé oyún ni, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì, kò sí oyún. Mo ń lo ìpara kan tí wọ́n máa ń pò fún mi lọ́jà, ó mú ara mi mọ́ dáadáa. — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ìyá Ìbejì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Hóhó yẹn jọ ìtọ̀ tí purotéènì ti ń jò sí. Purotéènì ló ń di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá ń jò dànù, omi á máa sun jáde sínú ẹran ara, á sì máa wá ibi tó lọ sílẹ̀: ojú nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ dúró. Ẹ ní kí wọ́n yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, ìyẹn ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín máa ń tu dànù, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín.

Ìpara yẹn ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pò pọ̀ lọ́jà ni wọ́n ń fi mẹ́kúrì, irin kan tó jẹ́ májèlé, sí, awọ ara ń fa mẹ́kúrì mu, kíndìnrín ló sì ń kó o jọ sí. Mo ti rí ọmọbìnrin mẹ́ta tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú ìpara, ara wíwú àwọn méjì lọ sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má fi kan ara mọ́ láti alẹ́ òní. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ nù o, ẹ mú ike rẹ̀ dání, pẹ̀lú èyí tó kù nínú rẹ̀, kí dókítà rí i.